Controller wo ló yẹ kí n rà fún òde ìgbéyàwó? 250.000 sẹ́fà ló wà lọ́wọ́ mi

ỌmọÀjàṣẹ́_Mix

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àtẹ̀yin àbúrò. Àjàṣẹ́ ni mo wà, apá ọjà Ouando. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń ṣe DJ níbi ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti ìnáwó òkú, laptop àti mouse nìkan ni mò ń lò, VirtualDJ, software tí wọ́n fi ń ṣe DJ, ló wà lórí ẹ̀. Mi ò bú mouse o, òun náà ló ń fún mi jẹ, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá ní Sákétẹ́, bàbá ìyàwó wá dúró sẹ́yìn mi, ó wo ọwọ́ mi títí, ó ní "ọmọ mi, tó o bá tẹ lẹ́tà yẹn tán, kó o bá wa fi orin sí i". Gbogbo àwọn tó wà nídìí tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlé.

Mo ti tọ́jú 250.000 sẹ́fà kí n fi ra controller, ẹ̀rọ oníbọ́tìnì tí wọ́n ń so mọ́ laptop láti fi darí orin. Laptop mi i5 àtijọ́ ni, RAM 8, hard disk ẹ̀ ṣì jẹ́ èyí tó ń yí. Mi ò ní báàfù tèmi, sónò onísónò ni mo máa ń so mọ́. Òde mi ò ju Sákétẹ́, Pọ́bẹ̀, Kétu lọ, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan mo máa ń dé Ṣábẹ. Àwọn tí mo ti ń wò ni Pioneer DDJ-FLX4, Hercules Inpulse 500 àti Numark Mixtrack Pro FX. Ẹnì kan ládùúgbò wa tún ní òun máa ta DDJ-200 fún mi ní 70.000, ó ní òun ò lò ó ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ká sòótọ́ ọkàn mi ti ń lọ síbẹ̀ torí owó ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó náwó, torí àjọ ni mo dá tí mo fi rí i.

SísíṢábẹ

Àbúrò, 70.000 yẹn, fi í sílẹ̀ níbi tó wà. DDJ-200 ò burú, ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ nínú yàrá ni wọ́n ṣe é fún. Kò ní sound card, ohun tó ń gbé ohùn jáde, nínú. Kò sí ihò káskì lára ẹ̀, kò sí ihò báàfù, ara fóònù tàbí laptop ni ohùn ti ń jáde. Òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e ròde, onísónò na orí wáyà RCA sí mi, mo gbà á, mo yí controller yìí síwá, mo yí i sẹ́yìn, mo dojú ẹ̀ délẹ̀, mi ò rí ibi tí màá kì í bọ̀. Ọkùnrin yẹn kàn ń wò mí. Wáyà kan tó la sí méjì wà nínú páálí ẹ̀, ihò káskì laptop lèèyàn máa kì í bọ̀, apá kan á lọ sí báàfù, apá kejì á lọ sétí ẹ. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀tún àti tòsì ti di ọ̀kan ṣoṣo, tí ọwọ́ bá sì ṣèèṣì kan wáyà yẹn báyìí, kráà! gbogbo òde á gbọ́.

Nǹkan míì tó yẹ kó o wò ni iná. Ṣé ara USB ni controller ti ń mu iná ni àbí ó fẹ́ adaptor tiẹ̀? Lọ́dún tó kọjá, níbi ìgbéyàwó kan nísàlẹ̀ òkè níbí, mo háyà controller ńlá kan tó ní adaptor. Iná lọ, wọ́n tan grúpù, iná dé, wọ́n pa grúpù, iná tún lọ. Laptop mi ò kú torí bátìrì wà lára ẹ̀, ṣùgbọ́n controller ń kú ó ń jí, gbogbo ìgbà tó bá sì jí ni software á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, ìyàwó wà lórí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà tó fẹ́ jó wọlé, ẹsẹ̀ ń dun ún nínú bàtà. Látìgbà yẹn, èyí tó bá ń mu iná lára laptop nìkan ni mò ń gbé ròde. Báàfù lè dákẹ́ o, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ ẹ, ṣùgbọ́n tí grúpù bá ti dún, orin á kàn tẹ̀ síwájú ni, o ò ní tún nǹkan kan so. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí o dárúkọ yẹn, ara USB ni wọ́n ti ń mu iná, ìyẹn dáa.

Ọ̀dọ́_Ìgòlò

Ẹ kúkú ní kó ra Denon Prime Go jàre. Bátìrì wà nínú ẹ̀, tó bíi wákàtí mẹ́rin, kò nílò laptop rárá, o kì flash bọ̀ ọ́ o ti ń ṣeré. Iná ì báà lọ títí dọ̀la.

SísíṢábẹ

@Ọ̀dọ́_Ìgòlò owó ẹ̀ ju ìlọ́po méjì ohun tí ọmọ yìí ní lọ. Ṣé ìwọ lo máa bá a fi kún un?

Ọ̀dọ́_Ìgòlò

😂 Àǹtí, mo kàn sọ ọ́ ni o.

BàbáSónò_Kétu

Àbúrò, má tíì wo iwájú ẹ̀. Yí i, kó o wo ẹ̀yìn ẹ̀. Èmi ni mo máa ń gbé báàfù lọ fún àwọn DJ yín láti Kétu títí dé Pọ́bẹ̀, kò sì sóṣù kan kí ẹnì kan má gbé controller tó ń tan iná mẹ́rìnlá wá bá mi láìní wáyà tá a máa fi so ó mọ́ mixer, ẹ̀rọ tó ń kó gbogbo ohùn jọ kó tó lọ sí báàfù.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ló máa sọ bóyá ó lè bá sónò ṣọ̀rẹ́. RCA lèyí tó wọ́pọ̀ jù, orí pupa àti funfun yẹn. RCA ò burú tí mixer mi bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé èmi wà lábẹ́ igi lọ́hùn-ún, ìwọ sì wà lábẹ́ àtíbàbà, tá a wá na wáyà RCA mítà mẹ́wàá gba ẹ̀gbẹ́ wáyà iná, á máa kó ariwo wọlé ni, hùùùù, bí ìgbà tí oyin wà nínú báàfù. Wáyà balanced ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀, okùn méjì ló ń gbé ohùn kan náà, ọ̀kan yí ojú sódì, tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ mixer ariwo tí méjèèjì jọ kó lọ́nà á pa ara wọn. XLR tàbí jack 6,35 olórùka méjì ni ìyẹn máa ń gbà jáde. FLX4, RCA nìkan ló ní. Inpulse 500 ní RCA, ó sì ní jack balanced. Fún iṣẹ́ òde tí o ń ṣe yìí, èmi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti míkíró, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí o kọ́kọ́ dárúkọ ló ní ihò kan, má sì jẹ́ kíyẹn tàn ẹ́. Míkíró ààfáà tàbí ti ẹni tó ń darí ètò, inú mixer onísónò ni kó gbà tààrà. Lọ́jọ́ tí laptop ẹ bá gan tó o ní láti pa á kó o tún un tan, àdúà ò ní dúró dè ẹ́. Mo ti rí i tí ààfáà ń là ẹnu tí ohùn ò jáde, tí gbogbo ìjọ wá yíjú wo DJ. Kó má ṣe ìwọ.

Wáyà tìẹ náà, rà á. RCA sí jack, RCA sí XLR, jack sí XLR, méjì méjì. Má dé ọ̀dọ̀ mi kó o máa bi mí pé "bàbá, ẹ ò ní wáyà kan ni?" Mo ní in. Mi ò ní yá ẹ.

ỌmọÀjàṣẹ́_Mix

Ẹ ṣé o bàbá, ẹ ṣé àǹtí. DDJ-200 ti kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, gbogbo àwọn DJ ńlá tí mò ń wò lórí YouTube, Pioneer ni wọ́n ń lò, àwọn ọ̀rẹ́ mi sì ń sọ pé tí kì í bá ṣe Pioneer, ohun ìṣeré ni. Ṣé lóòótọ́ ni?

Tẹ́kìNàgó

Ìdí kan wà tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀ àmọ́ kì í ṣe ìdí tìẹ. Nínú club, CDJ ti Pioneer, ẹ̀rọ tó ń kọ orin láìsí laptop, lo máa bá níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó bá sì ti mọ rekordbox, software Pioneer, nílé á kàn to orin ẹ̀ sórí flash, á kì í bọ CDJ, gbogbo cue, ibi tí orin á ti bẹ̀rẹ̀, tó ti sàmì sí á wà ńbẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀. FLX4 máa kọ́ ẹ nìyẹn, tí o bá sì so ó mọ́ laptop, rekordbox á ṣí apá tí wọ́n fi ń ṣeré fún ẹ láìgba kọ́bọ̀. Tó bá jẹ́ pé club Kútọnu lo ń lọ lọ́dún tó ń bọ̀, ra FLX4, kó o sì pa ẹnu mọ́. Òde ìgbéyàwó lo sọ fún wa, kò sẹ́ni tó máa gbé CDJ wá bá ẹ ní Pọ́bẹ̀.

Ọ̀rọ̀ software wá wà ńbẹ̀. VirtualDJ tí o ń lò yẹn, ọ̀fẹ́ ni tó bá jẹ́ mouse nìkan, tí kì í sì í ṣe iṣẹ́ owó. Ọjọ́ tí o bá so controller mọ́ ọn, á jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ á sì ní o yá, sanwó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ títí wọ́n á fi dé òde! Nítorí náà wo software tó bá controller wá. Inpulse 500 máa bá DJUCED àti Serato DJ Lite wá, FLX4 náà ń bá Serato Lite ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí rekordbox. Lite ò jẹ́ kéèyàn gba eré ẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn ló ń bí mi nínú nípa ẹ̀. Mixxx wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá, kò sí ohun tó ń tì mọ́ ẹ lójú, ṣùgbọ́n wò ó kó o tó rà bóyá controller ẹ wà nínú àwọn tí wọ́n ti tò fún un.

Ìṣirò rèé. Yúrò kan jẹ́ 655,957 sẹ́fà, kò sì yí padà láti 1999. Controller tí wọ́n bá ń tà ní yúrò 300 nílẹ̀ Faransé ti di 196.787 sẹ́fà kí owó ọkọ̀ àti kọ́sítọ́ọ̀mù tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà tẹ́nì kan bá na tuntun sí ẹ ní 120.000, bi í léèrè dáadáa. Yọ owó SSD kúrò nínú 250.000 yẹn kó o tó ná ẹyọ kan. Mi ò ṣeré o. Hard disk tó ń yí yẹn, báàfù ńlá tó ń lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì á máa mi ín jìgìjìgì, ìwọ sì ń wá orin lórí ẹ̀, á gan mọ́ ẹ lọ́wọ́, o wá máa sọ pé controller ló bàjẹ́. SSD ò ní nǹkan tó ń yí nínú.

Tó o bá ti so ó tán, lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ohùn nínú software, yan ASIO, ọ̀nà ohùn ti controller fúnra ẹ̀, fi buffer, ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó gbé e jáde, sí 512. Ìyẹn jẹ́ ìdádúró bíi mílísẹ́kọ́ńdì 11,6, ọwọ́ ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Tí kò bá ya, gbìyànjú 256. Tó bá ń ya kráà kráà, padà sókè. Pa Wi-Fi. Má kì controller bọ hub olówó pọ́ọ́kú, ara laptop gan-an ni kó wà, kó o sì sọ fún Windows pé kó má máa pa USB láti fi tọ́jú iná. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ti já mi kulẹ̀ rí, àárín orin ni controller kàn sùn.

ÀpàlàNìkan

Ẹ kú àlàyé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, SYNC, bọ́tìnì tó ń mú ìlù orin méjì bára mu fúnra ẹ̀, ló ń tàn yín. Mo gbọ́ tí ọmọ yìí ní ìnáwó òkú. Orin wo lẹ máa fi sí i fún àwọn bàbá níbẹ̀? Àpàlà, sákárà, jùjú àtijọ́, àbí? Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń ka ìlù fún àwọn tó lu orin wọ̀nyẹn. Ènìyàn ló lù ú. Tí inú onígángan bá dùn, ìlù á yára, tí akọrin bá ń ki olówó, ìlù á fà sẹ́yìn díẹ̀ kó lè gbọ́ orúkọ ara ẹ̀ dáadáa. Kọ̀ǹpútà á to ìlà rẹ́gírẹ́gí lé e lórí, lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì ìlà ti wà lọ́tọ̀, ìlù ti wà lọ́tọ̀, ìwọ á wá tẹ SYNC, orin méjì á máa gun ara wọn bí ewúrẹ́.

Nítorí náà ohun tí èmi máa wò lára controller ni àwo tí wọ́n ń yí yẹn àti irin tí wọ́n fi ń mú orin yára tàbí rọra. Ṣé àwo tóbi tó kí ọwọ́ lè ti orin díẹ̀ síwájú kó fà á díẹ̀ sẹ́yìn? Ṣé irin yẹn gùn àbí ó kúrú bí ìka ọmọdé? Tó bá kúrú, ìdajì irun tí ọwọ́ ẹ bá sún un, orin ti sáré kọjá. Numark Mixtrack tí o dárúkọ yẹn, àwo ẹ̀ tóbi, mo fẹ́ràn ẹ̀ nítorí ìyẹn. Inpulse 500 náà ní iná kékeré tó ń fi hàn ẹ́ bóyá kó o yára tàbí kó o rọra kí orin méjì fi bára mu, fún ẹni tó ń kọ́ etí ẹ̀ ó dáa, ṣùgbọ́n fún àpàlà, etí ẹ nìkan ni o. Ra káskì tó dáa.

BàbáSónò_Kétu

@ÀpàlàNìkan òótọ́ lo sọ, àmọ́ kí wọ́n má fi àpàlà dá orin pọ̀ mọ́ nǹkan kan rárá. Jẹ́ kó parí, kí èyí tó kàn bẹ̀rẹ̀. Àwọn bàbá ò bèèrè pé kẹ́ ẹ dà á pọ̀.

ÀpàlàNìkan

Bàbá, a ti gbà 😄

ÌyáBéjì_Kútọnu

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òkàsíọ̀n, ọjà àlòkù, torí òun ni mò ń tà, mo ń kó o bọ̀ láti Yúróòpù, ẹ̀mí mi ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ wá bú mi lẹ́yìn. Má rà á lórí àwòrán. Lọ síbẹ̀ pẹ̀lú laptop ẹ, wáyà USB ẹ àti káskì ẹ. Ẹni tó bá ní "ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò kàn sí wáyà ńbí ni", kí i pé ó dàbọ̀.

So ó, ṣí software, kó o máa wo ojú screen, torí fader controller, irin tí wọ́n ń tì sókè sódò yẹn, kì í ké bíi ti mixer àtijọ́ tó bá ti bàjẹ́. Nọ́ńbà ló ń rán lọ sí kọ̀ǹpútà, nítorí náà ojú screen lo ti máa rí àìsàn ẹ̀. Ti fader sókè jẹ́jẹ́, ti ojú screen náà gbọ́dọ̀ gòkè jẹ́jẹ́. Tó bá ń fò, tàbí tó o ti fọwọ́ kúrò tó ṣì ń gbọ̀n, eruku ti wọ inú ẹ̀ tàbí ó ti jẹ. Tẹ PLAY àti CUE ogún ìgbà lápá kọ̀ọ̀kan, àwọn yẹn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kú torí àwọn ni gbogbo DJ ń gbá. Kì wáyà USB bọ̀ ọ́ kó o fọwọ́ mì í díẹ̀, tí controller bá kú tó jí, ihò ẹ̀ ti ń yẹ̀, má sanwó. Gbọ́ káskì lápá ọ̀tún, gbọ́ ọ lápá òsì.

Kó o sì wo ojú ewé àwọn tó ṣe é bóyá driver ẹ̀, software tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n, ṣì wà fún Windows tàbí Mac tí o ń lò. Mo ní ọ̀kan nílé báyìí, ara ẹ̀ ń dán, kò sì sí ẹni tó lè lò ó lórí kọ̀ǹpútà tuntun. Ọmọ mi ló ń fi í ṣeré.

Tó o bá ti rà á, aṣọ ni kó o fi bò ó. Ọyẹ́ apá òkè lọ́hùn-ún, Kétu sí Ṣábẹ, ẹ mọ eruku ẹ̀ jù mí lọ.

SísíṢábẹ

Aṣọ àti bíà o! Inpulse 500 ní ẹsẹ̀ tí wọ́n ń tú jáde tó máa gbé e sókè díẹ̀ lórí tábìlì, mo rò pé ẹwà lásán ni, títí ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó fi da ìgò kan sórí tábìlì mi tó sì ṣàn kọjá lábẹ́ ẹ̀. Ó tún ní ihò aux, o lè kì fóònù ẹ bọ̀ ọ́. Tí software bá gan, orin fóònù á ṣì máa lọ nígbà tí o ń tún un ṣí.

ỌmọÀjàṣẹ́_Mix

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti padà dé. Mo bá Ìyá Béjì ní Kútọnu, a jọ tẹ PLAY yẹn ogún ìgbà, wọ́n tiẹ̀ ń bá mi kà á. Inpulse 500 òkàsíọ̀n ni mo mú, 165.000. Mo ra SSD, mo ra wáyà jack sí XLR méjì, ó ku owó zémíjàn. Lánàá mo so ó mọ́ báàfù ẹ̀gbọ́n mi kan kí n fi dán an wò, orin jáde dáadáa, ṣùgbọ́n hùùù tí bàbá Kétu sọ yẹn wà lábẹ́ ẹ̀, kékeré, tí orin bá dákẹ́ ni mò ń gbọ́ ọ. Wáyà balanced ni mo sì lò o. Ṣé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì ni?

BàbáSónò_Kétu

Yọ ṣájà laptop lára iná. Ṣé ó ṣì wà?

ỌmọÀjàṣẹ́_Mix

Háà. Ó ti lọ. Bí mo ṣe yọ ọ́ ló dákẹ́ wẹ́lo.

BàbáSónò_Kétu

Kò sí jìbìtì kankan ńbẹ̀. Ilẹ̀ iná ló ń gba ọ̀nà méjì, ọ̀kan láti ara ṣájà, ọ̀kan láti ara báàfù, wọ́n wá ṣe òbìrìkìtì. Kó o kọ́kọ́ kì ṣájà àti báàfù bọ ràlọ́ńjì kan náà, ó lè tó. Tí kò bá tó, DI box, àpótí kékeré tó ń wà láàárín controller àti báàfù, ló kù, èyí tó ní bọ́tìnì tí wọ́n fi ń gé ilẹ̀. Má gé irin ilẹ̀ lára ṣájà o, mo mọ̀ pé ẹnì kan á gbà ẹ́ níyànjú bẹ́ẹ̀, iná á gbé ẹ.

Mo ní òde ní Kétu ní Sátidé, ìsọmọlórúkọ ni, kò le. Gbé e wá, ká so ó mọ́ mixer mi kó o gbọ́ ọ nínú báàfù ńlá. Mú wáyà ẹ dání.

ỌmọÀjàṣẹ́_Mix

Méjèèjì ti wà nínú àpò, bàbá.